Ohùn Tó Ń Pè Lọ́sàn-án

Òórùn aṣọ tó ń jó ló ta sí ìyá alágbàfọ̀ kan nímú. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá náà wà, ó ń sá aṣọ sórí okùn. Ó ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú báàfù, ó sì sáré wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró ti tábìlì ìlọṣọ. Ọwọ́ ọmọ náà wà lórí áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù wà lórí yunifọ́ọ̀mù funfun kan, èéfín sì ń rú jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò wo áyọ́ọ̀nù rárá. Ilẹ̀kùn yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló tẹjú mọ́, bí ẹni tí wọ́n pè tó ń rò ó bóyá kí òun dáhùn.

Ìyá rẹ̀ pa iná. Ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dúró. Ojú ibẹ̀ lára yunifọ́ọ̀mù náà ti jó di dúdú, ó ti lu, a sì lè rí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì láti ojú ihò náà.

"Aṣọ Nọ́ọ̀sì nìyí," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò pariwo. Ó ti tó oṣù méje tí ẹnikẹ́ni ti pariwo kẹ́yìn nínú ilé náà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò mọ ìgbà tó jó."

"Kí lò ń wò?"

"Mi ò wo nǹkan kan."

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọ yìí níléèwé. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, olùkọ́ á kàn fi ẹfun sílẹ̀ ni, á jókòó dè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni báyìí, ó sì ku oṣù mẹ́ta péré kó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń pè é lórúkọ náà, àmọ́ wọn ò gbọ́ ẹ̀rín kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni àìsàn mú, odindi ọdún kan ló sì fi dùbúlẹ̀ sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ èyí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni bí ọ̀sán ọjọ́ tó kú ṣe lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Ẹlẹ́rìn-ín wà ní pálọ̀, ó fi íápíìsì sétí, ó ń wo fíìmù lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kó wá ṣí fèrèsé. Kó wá tì í. Kó wá gbé ìrọ̀rí sókè. Kó gbé e sílẹ̀ padà. Nígbà tó tún pè, Ẹlẹ́rìn-ín yọ íápíìsì kan, ó sì gbọ́ ọ ketekete: "Bá mi bu... omi." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà yẹn, á dúró mí láàárín. Ẹlẹ́rìn-ín fi íápíìsì padà sétí. Ó ní kí fíìmù yìí parí ná. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kó parí.

Nígbà tó gbé omi wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe kó tó ké pe ìyá rẹ̀ ni pé ó da omi náà nù láti ojú fèrèsé, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu inú ife náà gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ní kó bu omi.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́ta, á gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú yàrá yẹn ni ohùn náà ti máa ń wá, kì í ga, kì í bínú, rédíò tí ìyá rẹ̀ máa ń tàn nígbà náà kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀. Á kàn pè é, á dúró mí, á sì parí ọ̀rọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn náà sì ń ṣe é. Oúnjẹ dà bíi pépà lẹ́nu rẹ̀. Láti wẹ̀ láàárọ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ní kó ru àpò símẹ́ǹtì. Á ṣí ìwé síwájú, wákàtí kan á kọjá, ojú ewé kan náà ló ṣì wà. Tó bá délé, á sùn. Tó bá jí, á tún máa wá bí á ṣe sùn. Ó ní àwọn àárọ̀ tó máa ń dùn ún pé òun tún jí.

Lọ́jọ́ kejì tí aṣọ jó, Nọ́ọ̀sì wá kó aṣọ rẹ̀. Ilé ìlera tó wà ní ìparí òpópónà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń wá wo ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín nílé nígbà àìsàn náà. Ó sanra díẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan ń dùn ún, nítorí náà kì í kánjú rìn. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín gbé aṣọ tó jó síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Aṣọ yẹn ti ń fún mi níkùn láti ọdún tó kọjá, mi ò kàn fẹ́ gbà pé mo ti sanra ni. Ọmọ yìí ló gbà mí sílẹ̀." Ó wá wo ọmọ náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó bá mi gbé àwọn tó kù dé ibi iṣẹ́."

Yàrá kékeré ni Nọ́ọ̀sì ń lò. Ìwọ̀n kan wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀dù onírin kan, àti pátákó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, tí lẹ́tà orí rẹ̀ ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó ní kí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó.

"Ṣé o máa ń sùn?"

"Mò ń sùn, mà. Mò ń sùn jù pàápàá."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mò ń jẹ."

"Ṣé ó máa ń dùn lẹ́nu ẹ?"

Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ tó gbé wá ká.

"Ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o má sí láyé mọ́?" Ohùn jẹ́jẹ́ ni Nọ́ọ̀sì fi béèrè rẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ó ń wú ikọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín tẹjú mọ́ lẹ́tà tó kéré jù lórí pátákó náà. "Rárá, mà. Mo wà dáadáa."

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà. "Ohun tí mò ń rí lójú ẹ ní orúkọ. Ìsoríkọ́ ni wọ́n ń pè é. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Ẹni tó bá ń ṣe kì í ṣe ọ̀lẹ, orí ẹ̀ ò sì dàrú. Dókítà kan tó ń tọ́jú ẹ̀ máa ń wá síbí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ kó o rí i."

"Mo wà dáadáa, mà."

"Ó dáa. Mi ò ní wọ́ ẹ. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́ ẹ ní nǹkan kan tí wàá máa ṣe nílé. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Ṣé o mọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ? Má sọ nǹkan kan, ṣáà mọ̀ ọ́n lára. Mí sínú. Jẹ́ kó jáde fúnra ẹ̀. Di ojú tó o bá fẹ́. Ọkàn ẹ á rìn lọ, iṣẹ́ ọkàn ni kó máa rìn. Tó o bá ti rí i pé ó ti lọ, má bá a jà, má sì tẹ̀ lé e. Ṣáà mú un padà síbi ẹsẹ̀ ẹ. Tó bá lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, mú un padà nígbà ọgọ́rùn-ún."

"Kí ló wà fún, mà?"

"Ọkàn ẹni tó ní ìsoríkọ́ kì í gbé ibi tí ara wà. Àná ló ń gbé, tàbí ọ̀la tó ń bà á lẹ́rù. À ń kọ́ ọ láti máa gbé ibi tí ara wà, díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe idán o. Kò sì ní kó o má rí dókítà. Tó bá le, padà wá sọ fún mi."

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní tòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá ibi tó dákẹ́ jù nínú ilé, ibẹ̀ sì ni yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti gbé tìmùtìmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, pákó rẹ̀ nìkan ló kù. Ó jókòó lé e, ó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ó sì di ojú.

Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó fẹ́ mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ mímí ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ gan-an ni, ó kúrú, ó ń fa bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí lórí ìyẹ̀pẹ̀. Ohùn náà kò ti ọ̀nà jíjìn wá mọ́. "Bá mi bu..." Ó fò dìde, ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ó sì sáré jáde títí tó fi dé etí títì, láìwọ bàtà.

Kò dán an wò mọ́. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì wá kó aṣọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó sì béèrè bó ṣe ń lọ, ó dáhùn kíákíá.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é."

Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Inú ìyá rẹ̀ pàápàá dùn, ó gbá a léjìká fẹ́rẹ́. Irọ́ náà kò sì ṣòro fún un láti pa. Tó bá sọ pé òun ń gbọ́ ohùn òkú, wọ́n á ní ó ti ya wèrè. Tó bá sọ̀rọ̀ ohùn náà, á ní láti sọ̀rọ̀ omi, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti pinnu pé òun ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ mú àbúrò rẹ̀ wálé láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò yìí. Ìbéèrè ni gbogbo ilé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀ tó bá ti bá a jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá wọn, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, máa ń sọ pé tí òun bá fẹ́ sinmi, orí títì ni òun ń lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín gbéra. Ó dé ìkóríta tó yẹ kó yà sí. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, níta gbangba, láàárín ariwo ọkọ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe. Ó rántí pé òun wọ bọ́ọ̀sì. Ó rántí fèrèsé kan. Nígbà tó padà mọ ara rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì gígùn kan ló jókòó sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Obìnrin kan ń nu ilẹ̀, ó sì ń sọ fún un fún ìgbà kejì pé kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Aago ara ògiri ti kọjá márùn-ún.

Nígbà tó dé iléèwé náà, wọ́n ti ti géètì. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀.

Ó sáré délé. Ìyá rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó tún sáré jáde, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Iwájú ìsọ̀ jórinjórin kan létí títì ńlá ló ti bá àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbá Ìbéèrè mọ́ra. Orúnkún ọmọ náà bó, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Ó ti dúró ní géètì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì ti fẹ́ dá sọdá wálé. Bàtà kejì wà láàárín títì níbẹ̀, ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

"Ọwọ́ mi ló kàn yá, Màmá," ni jórinjórin ń sọ. "Apá rẹ̀ ni mo fi fà á. Ọlọ́kọ̀ yẹn ò tilẹ̀ rí i." Ó nu ojú. "Látìgbà tí mo sì ti gbé e jókòó ló ti ń bi mí ní ìdí tí iná mi fi ní àwọ̀ búlúù."

Ìbéèrè gbójú sókè. "Àǹtí, níbo lẹ lọ? Ṣé ẹ gbàgbé mi ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín lọ mú bàtà tí ọkọ̀ tẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, tí ìyá rẹ̀ ti wẹ orúnkún Ìbéèrè, tó sì ti fún un lóúnjẹ, ó pe Ẹlẹ́rìn-ín sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ.

"Níbo lo lọ?"

Ó sọ fún un. Ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti bẹ́ǹṣì. Ó sọ pé irọ́ ni òun pa fún Nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí ibi tó kù láti sá sí, ó sọ̀rọ̀ fíìmù àti íápíìsì, ogún ìṣẹ́jú yẹn, àti omi tó dà nù láti ojú fèrèsé.

"Ó pè mí, Màmá. Mo gbọ́, mi ò lọ. Ó ṣì ń pè mí."

Ìyá rẹ̀ mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wà nítòsí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ nìkan lo gbọ́?"

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó.

"Ibí yìí ni mo wà. Oníbàárà kan dúró síbi tó o dúró sí yẹn, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, à ń wá a nílẹ̀. Mo gbọ́ tó ní kí wọ́n bu omi. Mo ní ìwọ á lọ. Mo ń wá bọ́tìnnì." Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. "Kí lo rò pé mo máa ń tan rédíò fún láago mẹ́ta? Ṣé orin ni mò ń gbọ́?"

Wọ́n jókòó síbẹ̀, àwọn méjèèjì, láàárín aṣọ àwọn oníbàárà. Ìgbà tí Ìbéèrè wá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sunkún láì sẹ́ni tó nà wọ́n ni wọ́n tó dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìlera. Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹlẹ́rìn-ín kò wo pátákó ara ògiri. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tún béèrè ìbéèrè ọjọ́sí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó máa ń wù mí nígbà mìíràn kí n má jí." Ọwọ́ ìyá rẹ̀ le mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a wí.

"O ṣeun tó o sọ ọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Láti òní lọ, tó bá ti ń ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀, má dá wà. Jí màmá ẹ, tàbí kó o wá síbí, ìgbà yòówù kó jẹ́. Lọ́la, wàá rí dókítà." Ó yíjú sí àwọn méjèèjì. "Nípa omi yẹn: èmi ni mo tọ́jú ọmọ yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló kọṣẹ́. Kò sí omi tó lè dá a padà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́ lónìí. Màá máa tún un sọ."

Ó wá sún àga rẹ̀ mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mi ò bi ẹ́ ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn kí n tó ní kó o di ojú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni dídi ojú bá lára mu. La ojú ẹ sílẹ̀. Má lọ sínú yàrá yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni kó o máa fi ṣe é."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì bá òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, Ẹlẹ́rìn-ín á mú ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, á sì fi gbogbo ara wà pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́là kọ́kọ́, láti etí wá sí àárín. Ooru tó ń fẹ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìró omi tó ń ta sára áyọ́ọ̀nù. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì tútù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ohùn náà bá dé, kò sá mọ́, kò sì tẹ̀ lé e. Á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Mo gbọ́. Ìrántí ni," á sì padà sí apá aṣọ tó ń lọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kàndínlógún ló mú ọkàn rẹ̀ padà kó tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán. Ìyá rẹ̀ pa rédíò, ó sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, ó ń ká aṣọ, òun náà ń mí.

Kò yára rárá. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ara rẹ̀ yá, èyí tó tẹ̀ lé e sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege nínú púpọ̀, àmọ́ ìṣirò fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, ó sì ní láti tún un ṣe. Ohùn náà kò tán. Ó kàn di ohun tó ń kọjá ni. Ọ̀sán mìíràn wà tí aago mẹ́ta á ti lù kọjá kó tó rántí pé òun ò gbọ́ nǹkan kan, ó sì máa ń bà á nínú jẹ́ díẹ̀, nítorí pé ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáà ni.

Ní ọjọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀ láti tún ìdánwò ìṣirò ṣe, ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ọmọ náà tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀, kò sì kọ lẹ́tà kan sí i. Ẹlẹ́rìn-ín bi í bóyá nǹkan kan ń ṣe é.

"Mo wà dáadáa," ni ọmọ náà wí, láì gbójú sókè.

Ẹlẹ́rìn-ín mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lẹ́nu ẹni tó ń fi í ti ilẹ̀kùn. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ pa àbúrò mi nítorí ẹ̀. Ìgbà tí mo sọ òótọ́ ni mo tó rí ẹni ràn mí lọ́wọ́. Kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkàn síbi tí ara wà ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ mi ò lè dá a ṣe. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe."

Ìlà náà sún síwájú, àwọn méjèèjì sì sún pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà gbé bírò kúrò lórí fọ́ọ̀mù náà.

"Ta lẹ sọ fún?" ló béèrè.

"Màmá mi. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan. Ibi iṣẹ́ ẹ̀ kò jìn síbí," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Tá a bá forúkọ sílẹ̀ tán, màá bá ẹ lọ."